Kí ló dé tí ilé ẹjọ́ wa kò fi tíì wọ́gi lé ìdìbò ààrẹ rí?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta níbí, ló kọ̀wé pé: "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dìbò ààrẹ tán ni wọ́n ń gba kóòtù lọ. Àwọn adájọ́ fúnra wọn a máa gbà nígbà mìíràn pé àwọn nǹkan kan kò lọ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n kéde náà ni wọ́n ń dá láre. Kí ló dé? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń búra fún ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí? Ọmọ mi fẹ́ ṣe ajẹ́ǹtì ẹgbẹ́ òṣèlú kan nígbà ìdìbò tó ń bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà já mọ́ nǹkan kan."

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ níta ni pé wọ́n ti ra àwọn adájọ́, pé kò sí ohun mìíràn nídìí ọ̀rọ̀ náà. Èmi kò lè bá adájọ́ kankan búra. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn ìdájọ́ wọ̀nyí lójú ewé lójú ewé, ohun tí mo sì rí ni pé bí ẹ bá kó áńgẹ́lì méje jókòó sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Àbújá, tí ẹ gbé òfin ìdìbò wa lé wọn lọ́wọ́ bó ṣe wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹjọ́ náà ni wọn ì bá dá bí wọ́n ṣe dá wọn yẹn. Ìdí ni pé ìbéèrè tí aráàlú ń béèrè kọ́ ni òfin ní kí adájọ́ dáhùn. Aráàlú ń béèrè pé ǹjẹ́ ìdìbò yìí mọ́? Òfin ń béèrè pé bí a bá yọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, ṣé ẹlòmíràn ni ì bá wọlé?

Abala 135 nínú òfin ìdìbò ọdún 2022, òfin tí wọ́n fi dìbò ọdún 2023, ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ tìtorí ìrúfin wọ́gi lé ìdìbò, bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé púpọ̀ jùlọ nínú ètò ìdìbò náà bá ìlànà òfin mu, tí ìrúfin náà kò sì nípa lórí èsì débi tó lè yí i padà. Gbólóhùn yìí kì í ṣe tuntun, irú rẹ̀ ti wà nínú àwọn òfin ìdìbò tó ṣáájú. Bí àwọn adájọ́ wa ṣe ń lò ó ni pé olùpẹ̀jọ́ ni yóò ru ẹrù méjèèjì. Òun ni yóò fi hàn pé wọ́n rú òfin, òun náà ni yóò sì fi hàn pé ìrúfin ọ̀hún ló gbé ẹni tí wọ́n kéde wọlé. Bí ó bá ru èkíní délé tí èkejì sì já lójú ọ̀nà, òfo ló ń bọ̀ wá ká.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lójú tèmi wá láti ìpínlẹ̀ wa níbí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2003 ni wọ́n dìbò ààrẹ, wọ́n sì kéde pé Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu Abẹ́òkúta, ló wọlé pẹ̀lú ìbò 24,456,140, nígbà tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ní 12,710,022. Buhari pẹjọ́. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yóò fi dá ẹjọ́ náà, ó ti di oṣù Kejìlá ọdún 2004, ohun tí wọ́n sì ṣe lọ́jọ́ náà ni pé wọ́n wọ́gi lé èsì ìdìbò Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí mo ti bá àwọn àgbà ìlú yìí pàdé tí wọn kò gbọ́ ọ rí: èsì ìpínlẹ̀ tí ààrẹ fúnra rẹ̀ ti wá ni ilé ẹjọ́ dà nù. Síbẹ̀, Ọbásanjọ́ ni wọ́n tún dá láre. Àlàfo tó wà láàárín òun àti Buhari lé ní mílíọ̀nù 11, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yọ ìbò Ògùn nìkan kúrò kí àlàfo yẹn dí. Ìdọ̀tí wà níbẹ̀, adájọ́ rí i, ó sì gbá a dànù, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí náà kò tó láti gbé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga. Adájọ́ Nsofor nìkan ni kò bá àwọn yòókù lọ. Ní tirẹ̀, gbogbo ìdìbò náà ni ì bá fagi lé. (Nígbà tí Buhari di ààrẹ níkẹyìn, Nsofor yìí ló fi ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà.) Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2005 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ náà pa. Ní ọjọ́ yẹn, Ọbásanjọ́ ti lo ohun tó ju ọdún méjì lọ nínú ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣẹjọ́.

Ẹjọ́ ọdún 2007 ló sún mọ́ bèbè jù. Òfin ọdún 2006 sọ pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà tẹ̀ léra tẹ̀ léra sára ìwé ìdìbò, kí a lè mọ ibi tí ìwé kọ̀ọ̀kan gbà. Ìwé tí wọ́n lò fún ìdìbò ààrẹ kò ní nọ́ńbà náà. Kò sí ẹni tó lè jiyàn èyí. Àwọn adájọ́ méje ló jókòó ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2008 wọ́n sì pín sí méjì, mẹ́rin sí mẹ́ta. Àwọn mẹ́rin ní Buhari kò fi hàn pé àìsí nọ́ńbà náà ló mú kí Umaru Yar'Adua ní 24,638,063 kí òun sì ní 6,605,299. Àwọn mẹ́ta tó kù, Oguntade, Aloma Mukhtar àti Onnoghen, ní ìrúfin náà tóbi tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Adájọ́ kan ṣoṣo ni ì bá yí sí apá kejì, Màmá, Nàìjíríà ì bá tún ìdìbò ààrẹ dì. Èmi gbà pé àwọn mẹ́ta yẹn ló tọ̀nà. Ìwé tí kò ní nọ́ńbà ni ohun kan náà tó mú kó ṣòro láti mọ iye ìwé tí wọ́n fi ṣe màgòmágó. Bí a bá ní kí olùpẹ̀jọ́ wá fi iye yẹn hàn, àfi bí ẹni gba fìtílà lọ́wọ́ rẹ̀ tán tí a tún ní kó wá abẹ́rẹ́.

Ti ọdún 2023 ló ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ 25 oṣù Kejì ni ìdìbò. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, INEC kéde Bọ́lá Tinúbú pẹ̀lú ìbò 8,794,726, Atiku Abubakar ní 6,984,520, Peter Obi ní 6,101,533. Ohun tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ni pé INEC ti ṣèlérí pé àwòrán èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò hàn lójú ẹsẹ̀ lórí ìkànnì IReV, ṣùgbọ́n ti ààrẹ kò hàn bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti àwọn aṣòfin tí wọ́n dì lọ́jọ́ kan náà hàn. Bí ẹ bá bi èmi, ìyẹn nìkan tó ohun tí aráàlú fi lè bínú. Ṣùgbọ́n ní kóòtù, ohun tí wọ́n sọ ni pé ibi ìwò lásán ni IReV, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ ìbò. Èsì tòótọ́ wà lórí bébà tí àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ní ibùdó ìdìbò, àìsí rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò sì sọ bébà náà di òfo. Wọ́n tún jà lórí Àbújá, bóyá ó di dandan kí ààrẹ ní ìdámẹ́rin ìbò níbẹ̀ ní pàtó. Ilé ẹjọ́ ní Àbújá dà bí ìpínlẹ̀ kẹtàdínlógójì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó kàn yín jù nínú ẹjọ́ náà ni ti ẹlẹ́rìí. Ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC ní káàkiri orílẹ̀-èdè. Obi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pe ẹlẹ́rìí 13. Atiku pe 27. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni ilé ẹjọ́ kò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n sọ sí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kò bá ìwé ìpẹ̀jọ́ wọlé láàárín ọjọ́ 21 tí òfin fún wọn. Àwọn adájọ́ tún ní ìwé ìpẹ̀jọ́ náà sọ pé wọ́n ṣe èrú ní ibùdó tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ àwọn ibùdó náà. Nígbà tí Atiku sì rí ìwé gbà láti yunifásítì kan ní Chicago lórí ìwé ẹ̀rí Tinúbú, tó gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, wọ́n ní ọjọ́ ti lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì sí nínú ohun tó kọ́kọ́ pẹjọ́ lé lórí. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni gbogbo rẹ̀ parí.

Mo wá dé orí ìbúra. Kì í ṣe ojúsàájú ló fà á; ìṣirò ọjọ́ ló fà á. Ṣáájú ọdún 2010, ẹjọ́ ìdìbò kò ní gbèdéke, ìdí nìyẹn tí ti ọdún 2003 fi gbà tó ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe, wọ́n fún olùpẹ̀jọ́ ní ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìkéde láti pẹjọ́, wọ́n fún Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní ọjọ́ 180 láti dá a, wọ́n sì fún Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní ọjọ́ 60. Ẹ ro ó pọ̀: 261. Òfin kan náà sọ pé INEC kò gbọdọ̀ dìbò ààrẹ ṣáájú kí ó ku ọjọ́ 150 tí sáà ẹni tó wà níbẹ̀ yóò parí. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ dìbò ní ọjọ́ tó yá jù tí òfin gbà wọ́n láyè, kò sí ohun tó fi dandan lé e pé kí ẹjọ́ parí kí ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún tó pé. Ní ọdún 2023, kò tó 90 ọjọ́ láàárín ìkéde àti ìbúra. Àga ààrẹ kò sì gbọdọ̀ ṣófo, òfin kò ní ètò kankan fún ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀ fún wa títí ilé ẹjọ́ yóò fi parí. Wọ́n á búra fún ẹni tí wọ́n kéde, olùpẹ̀jọ́ á sì máa bá ẹni tó ti ní àwọn ọlọ́pàá, ológun àti àpò ìjọba lọ́wọ́ ṣẹjọ́.

A ti parí rẹ̀ ṣáájú ìbúra rí. Ní ọdún 1979, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni wọ́n kéde Shehu Shagari, ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ parí ẹjọ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni Ọbásanjọ́, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun nígbà náà, gbé ìjọba sílẹ̀. Ìṣirò ni ìjà yẹn dá lé. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Òfin ní kí ààrẹ ní ìdámẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 12, kò sì tó 13. Shagari ní ìdámẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, ìbò 243,423 ló ní nínú 1,220,763, èyí kò pé ìdámẹ́rin. Richard Akínjídé, lọ́yà Shagari, wá ní kí wọ́n wo ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kano nìkan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdámẹ́rin rẹ̀ kò ju ẹgbàá lọ́nà 102 lọ, Shagari sì ti kọjá a. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Fatai-Williams, gbà á. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kọ̀, ó ní a kì í gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìjiyàn náà kò tíì tán nílé àwọn àgbà Yorùbá títí di òní. Àmọ́ kí a má gbàgbé pé ẹjọ́ 1979 yá nítorí pé kò sí ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní láti wá láti ibùdó sí ibùdó, ọ̀rọ̀ inú ìwé òfin ni wọ́n ń túmọ̀.

Àwọn ará Kenya ti mú ọ̀nà mìíràn. Lọ́dọ̀ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ pẹjọ́ láàárín ọjọ́ 7, ilé ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ dá a láàárín ọjọ́ 14, kò sì sí ìbúra fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi parí. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 2017; ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ mẹ́rin sí méjì, lábẹ́ Adájọ́ Àgbà David Maraga, wọ́gi lé ìdìbò Uhuru Kenyatta. Ilé ẹjọ́ ní kí àjọ elétò ìdìbò ṣí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi gba èsì fún wọn wò, wọn kò ṣí i bó ṣe yẹ, àwọn adájọ́ sì ní ètò tó bàjẹ́ tó báyìí tó láti pa ìdìbò, kò di dandan kí olùpẹ̀jọ́ tún ka ìbò kọ̀ọ̀kan. Ní Malawi, wọ́n ti búra fún Peter Mutharika ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2020 ilé ẹjọ́ wọ́gi lé e, nítorí pé wọ́n rí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ìwé èsì. Nígbà tí wọ́n tún ìdìbò dì ní oṣù Kẹfà, Lazarus Chakwera tó pẹjọ́ ló wọlé. Ọ̀rọ̀ Malawi yìí fi hàn pé ìbúra nìkan kọ́ ló ń dí wa lọ́nà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ òfin nìkan tan ara wa. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta mọ June 12, ìdìbò ààrẹ ọdún 1993 tí MKO Abíọ́lá gbégbá orókè nínú rẹ̀, ju ẹni tó kà á nínú ìwé lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé ni pé kò sí ẹjọ́ tí ẹni tó fìdí rẹmi pè lórí ìdìbò yẹn. Bashir Tofa kò pẹjọ́. Ẹgbẹ́ kan tí Arthur Nzeribe ń darí, tí kò fa olùdíje kankan kalẹ̀, ló gba kóòtù lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1993, Adájọ́ Bassey Ikpeme ní Àbújá ní kí wọ́n má dìbò, bẹ́ẹ̀ òfin ológun tó wà nílẹ̀ ti sọ pé kóòtù kankan kò lè dá ìdìbò náà dúró. Humphrey Nwosu, alága àjọ elétò ìdìbò nígbà náà, dì í síbẹ̀. Ní ọjọ́ 15, Adájọ́ Dahiru Saleh ní kí wọ́n má kéde èsì mọ́. Ní ọjọ́ 23, ìjọba Babangida fagi lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá fi Ernest Shonekan, ọmọ Ẹ̀gbá bíi Abíọ́lá, ṣe olórí ìjọba fìdí-hẹ́ẹ. Abíọ́lá gba kóòtù lọ ní Èkó, ó sì jàre: ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akínsànyà ní ìjọba náà kò bófin mu, nítorí pé agbára ti bọ́ lọ́wọ́ Babangida kó tó fọwọ́ sí òfin tó gbé e kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, Sani Abacha ló jókòó sórí àga. Ìdájọ́ tó dára jù tí ẹnikẹ́ni gbà nínú gbogbo ìjà yẹn, ológun ló jẹ èrè rẹ̀. Ó di ọdún 2018 kí ìjọba tó gbà pé ọjọ́ náà ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ààrẹ tó sì ṣe é ni Buhari, ẹni tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba kóòtù lọ ní 2003, 2007 àti 2011.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ kì í parí síbi tí adájọ́ bá parí rẹ̀ sí. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n Kenyatta àti Raila Odinga tó pè é lẹ́jọ́ ní Kenya bọ ara wọn lọ́wọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2018. Yar'Adua gbà lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé ìdìbò tó gbé òun wọlé ní àléébù, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Uwais. Ìgbìmọ̀ náà dá a lábàá ní ọdún 2008 pé kí ẹjọ́ máa parí ṣáájú ìbúra, kí ẹrù ẹ̀rí sì kúrò lórí olùpẹ̀jọ́ lọ sórí àjọ elétò ìdìbò. Àwọn aṣòfin mú gbèdéke ọjọ́, wọ́n fi àbá méjèèjì yẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yín gbé há, ibẹ̀ ni. Àwọn tó wà nílé aṣòfin ni ẹ ó bi, kì í ṣe àwọn adájọ́.

Ní ti ọmọ yín, iṣẹ́ rẹ̀ já mọ́ nǹkan ju bí ó ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n bá ka ìbò tán, òṣìṣẹ́ INEC yóò kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A. Kí ọmọ yín wò ó dáadáa, kí ó fọwọ́ sí i bí ó bá tọ̀nà, kí ó sì gba ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí kò bá tọ̀nà, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú nọ́ńbà ibùdó náà. Bí iye ìbò bá ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò lọ, kí ó sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kíákíá, nítorí nínú ẹjọ́ gómìnà Ọ̀ṣun ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ fi ìdí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé orúkọ olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀ àti fọ́ọ̀mù EC8A wá. Láàárín ọjọ́ 21 náà, kí ó ṣe tán láti bá lọ́yà ẹgbẹ́ jókòó kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ìwé ìpẹ̀jọ́. Kí ó má sì ṣe kúrò níbùdó rẹ̀ kí wọ́n tó ka ìbò tán, kódà bí ẹlòmíràn bá ní òun yóò bá a dúró, nítorí ohun tí ẹnì kan sọ fún un lẹ́yìn tó ti lọ, kóòtù kò ní gbà á lẹ́nu rẹ̀.